Ẹja Cichlid Aláràbarà ní Àbújá: Bí A Ṣe Ń Sìn Wọ́n Nínú Ilé Tí Iná Kì í Dúró

Àlejò tó bá wọ pálọ̀ tó rí wọn kì í pẹ́ béèrè: "Ṣé inú òkun ni wọ́n ti kó èyí wá ni?" Èyí tí ebi ń pa á béèrè ọjọ́ tí ẹ máa sè wọ́n. Ẹja omi aláìníyọ̀ ni cichlid, ẹbí kan náà sì ni wọ́n pẹ̀lú èpìyà tí à ń rà lọ́jà. Inú adágún Màláwì ni àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti wá, adágún ńlá tó wà láàárín Màláwì, Mòsáńbíìkì àti Tànsáníà, tó jìn tó 700 mítà níbi tó ti jìn jù. Irú cichlid tó wà nínú rẹ̀ ju 500 lọ. Ní 1984, àjọ UNESCO kọ ọgbà ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ mọ́ ara ohun ìní gbogbo ayé, ẹja wọ̀nyí gan-an ló sì fà á.

Púpọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà tó wà nípa wọn, ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tí mo máa sọ yàtọ̀. Kí ẹ tó ra dígí, kí ẹ tó ra ẹja, ẹ ro ọjọ́ tí wọ́n máa mú iná lọ láàárọ̀ tí wọn ò ní dá a padà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àpótí ẹja tó bá lè la ọjọ́ yẹn já láìsí òkú ẹja, òun ló yẹ kí ẹ tò.

1. Ẹ kọ́kọ́ yan irú ẹja

Oríṣi mẹ́ta ni ẹja Màláwì tí wọ́n ń tà. Mbuna ni àwọn tó ń gbé inú pàlàpálá òkúta. Kékeré ni wọ́n, ìjà wọn ni kò kéré. Peacock tẹ̀ lé wọn: akọ wọn ló láwọ̀, abo wọn rí eérú. Hap ni àwọn ńláńlá tó máa ń wẹ̀ ní gbangba omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣọdẹ ẹja kéékèèké. Mbuna ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, àtakọ àtabo ló láwọ̀, èyí tó pọ̀ jù kò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 13 lọ.

Kì í ṣe gbogbo mbuna ló yẹ ilé. Mẹ́ta tí mo máa ń dárúkọ nìyí: Labidochromis caeruleus, oníyẹ́lò tí àwọn ẹlẹ́ja ń pè ní electric yellow; Iodotropheus sprengerae, tó pọ́n bí ìpẹtà tó sì ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀; àti Chindongo socolofi, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Nínú mbuna, oníwà tútù ni wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún Melanochromis auratus. Ọmọdé rẹ̀ ló máa ń wuni jù nínú ṣọ́ọ̀bù, wúrà pẹ̀lú ilà dúdú, ìyẹn ló sì ń mú kí èèyàn rà á. Nígbà tí akọ rẹ̀ bá dàgbà, á dúdú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbogbo ẹja tó kù kiri títí wọ́n á fi kú. Chindongo demasoni náà lẹ́wà gan-an, àmọ́ tí ẹ ò bá lè kó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú àpótí kan, ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n á pa ara wọn.

Bí ọlọ́jà bá sọ pé "assorted" lòun ní, ẹ béèrè orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan. Àdàlù tí kò ní bàbá tí a mọ̀ ló pọ̀ nínú irú agbada bẹ́ẹ̀.

2. Àpótí àti ohun tó máa rù ú

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, ọ̀kan àtààbọ̀ ní fífẹ̀, ọ̀kan àtààbọ̀ ní gíga: bí ẹ bá ti lè ṣe é, ẹ má gbà ju bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nǹkan bíi lítà 255 nìyẹn. Ìdí méjì ló wà. Ẹja tí wọ́n ń lé gbọ́dọ̀ rí ibi tó jìnnà sá sí. Èkejì, omi púpọ̀ kì í tètè gbóná, kì í tètè tutù, kì í sì í tètè dọ̀tí lọ́jọ́ tí iná bá lọ.

Lítà omi kan, kílò kan. Tí ẹ bá fi dígí àti òkúta kún un, ẹrù náà á tó àpò sìmẹ́ńtì méje. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n kò lè rù ú. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin ṣe ìdúró rẹ̀, kí ẹ fi plywood tó nípọn àti fóòmù pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ lórí. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé e ti ògiri tó ru ilé, ẹ má gbé e sí àárín yàrá.

Dígí mílímítà 10 ló tọ́ fún ìwọ̀n yìí. Sílíkọ́nù tí wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní oògùn tó ń pa èébu, irú èyí tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀, torí oògùn yẹn á pa ẹja. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ, kí ẹ wá pọn omi kún un níta, kí ẹ sì máa wò ó fún ọjọ́ méjì kó tó wọ pálọ̀. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀.

3. Òkúta

Ibí ni Àbújá ti ṣojú rere sí wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Mpape kò níṣòro òkúta. Gíránáìtì ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í yí omi padà rárá, ẹ lè tò ó bó ṣe wù yín. Ẹ yẹra fún òkúta tó bá ní iṣan irin tó ti dípẹtà.

Òkúta mábù àti òkúta ẹfun yàtọ̀, wọ́n máa ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú omi, wọ́n sì ń mú kó le, ohun tí ẹja Màláwì fẹ́ sì nìyẹn. Bí ẹ ò bá mọ irú òkúta tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára. Bó bá hó, ẹfun wà nínú rẹ̀. Mábù wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀ ilé ń bẹ lọ́jà ohun èlò ìkọ́lé, irú bíi Dei-Dei. Mábù Ìgbẹ́tì nílé wa lọ́hùn-ún gan-an tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ to òkúta sílẹ̀ kí ẹ tó da yanrìn. Ẹja wọ̀nyí máa ń wa ilẹ̀. Bí òkúta bá jókòó lórí yanrìn, wọ́n á wa ìdí rẹ̀ títí á fi ṣubú lu dígí. Ẹ tẹ́ fóòmù tín-ín-rín sábẹ́ àwọn tó wúwo, kí ẹ sì jẹ́ kí ihò pọ̀ dáadáa, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tó súnmọ́ òkè omi. Ewéko gidi? Wọ́n á jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n fà á tu.

4. Omi

Ẹja Màláwì fẹ́ omi líle tí pH rẹ̀ (òdiwọ̀n kíkan omi; bó ṣe ń lọ sókè ni kíkan ń dín kù) wà láàárín 7.8 sí 8.5, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, 24 sí 28 °C. Orí àpáta gíránáìtì àti irú rẹ̀ ni Àbújá jókòó lé, kì í ṣe òkúta ẹfun, nítorí náà ẹ má retí pé omi ilé yín á le tó. Àdúgbò sí àdúgbò ló sì yàtọ̀. Bí ọṣẹ bá ń hó wìtìwìtì lójú ẹsẹ̀ nínú omi yín, omi rírọ̀ ni. Ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń dán omi wò, èyí tí wọ́n ń kán oògùn sí: ti pH, amóníà, nitrite àti nitrate. Owó rẹ̀ ju ti ẹja mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra ẹja.

Omi ẹ̀rọ ìjọba, tó ń wá láti Lower Usuma Dam, ní kẹ́míkà chlorine nínú. Ẹ pọn ọ́n sínú ike ńlá, kí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ fi atẹ́gùn sí i fún wákàtí 24, tàbí kí ẹ lo oògùn sodium thiosulphate tí àwọn ẹlẹ́ja ń tà. Omi bọ́họ́ọ̀lù kò ní ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀: gáàsì tó wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń jáde látinú ilẹ̀ máa ń mú kí pH rẹ̀ dà bíi pé ó lọ sílẹ̀. Ẹ fi atẹ́gùn sí i mọ́jú kí ẹ tó dán an wò. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ẹ béèrè ibi tó ti pọn ọ́n, torí ó lè jẹ́ bọ́họ́ọ̀lù lónìí kó sì jẹ́ omi ẹ̀rọ lọ́la.

Láti mú omi le, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 kọ̀ọ̀kan máa gba békìnsódà ṣíbí tíì kan àti iyọ̀ Epsom ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ pò ó nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á lé ẹja lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mábù wẹ́wẹ́ tàbí ìkarahun ìgbín tí ẹ ti sè sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ jẹ́ kó wà nínú àpótí kó máa ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Bí pH yín bá dúró sójú kan ní 7.8, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹja á fara da 7.8 tí kò yẹ̀ ju 8.4 tó ń gòkè tó ń sọ̀ lọ.

Nítorí omi yìí kan náà ni kò ṣe yẹ kí ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ cichlid tiwa. Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n mọ̀ káàkiri àgbáyé, omi gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, omi rírọ̀. Àpótí tirẹ̀ ni kó ní.

5. Fílítà àti ọjọ́ tí kò síná

Fílítà alágbára tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àpótí dára púpọ̀, àfi tí iná bá lọ. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn ni wọ́n sì fi ń mí. Bí omi bá dúró sójú kan nínú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi inú rẹ̀ á jẹrà. Bí iná bá wá dé lójijì lóru, fílítà á tú ìjẹrà yẹn sórí ẹja. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jí rí òkú ẹja ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí iná padà dé, tí wọn ò sì mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú fílítà bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ pẹ́, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ ṣàn án kí ẹ tó tún un tàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni fílítà onífóòmù méjì tó tóbi, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, tí pọ́ọ̀ǹpù atẹ́gùn ń gbé ṣiṣẹ́. Kò lẹ́wà, mo gbà. Àmọ́ pọ́ọ̀ǹpù tó ń jẹ wáàtì 5 péré lè gbé méjèèjì, bátìrì kékeré 12V tó jẹ́ 7Ah á sì gbé irú pọ́ọ̀ǹpù bẹ́ẹ̀, èyí tó ń lo bátìrì tààrà, ju wákàtí 10 lọ. Ẹ fi páànù sólà kékeré àti ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso rẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ tán. Tí ẹ bá ní inverter nílé, ìlà tó ń lọ sí pọ́ọ̀ǹpù yìí ni kó kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀. Híítà àti iná àpótí lè dúró. Tí ẹ bá tún fẹ́ fílítà alágbára kún un kí omi lè dán, ó dáa, ṣùgbọ́n kó jẹ́ àfikún.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ rárá. Ẹja tó ti dàgbà lè lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, kò sì sí ohun tó ń ba omi jẹ́ tó oúnjẹ. Ẹ máa fi jọ́ọ̀gì bu omi, kí ẹ máa dà á padà látòkè kó lè ta, ìṣẹ́jú mélòó kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí wọn tí gbogbo wọn kó ẹnu sí òkè omi, ọ́síjìn ti tán. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi náà lójú ẹsẹ̀.

6. Ẹ jẹ́ kí àpótí gbó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni àpótí máa fi ṣiṣẹ́ láìsí ẹja nínú rẹ̀. Ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sí i lójoojúmọ́ kó jẹrà. Á di amóníà, kòkòrò kan á sọ amóníà di nitrite, òmíràn á sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọjọ́ tí amóníà àti nitrite bá jẹ́ òdo nígbà tí ẹ ṣì ń ju oúnjẹ sí i, àpótí ti gbó. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá ní àpótí tí ara ẹja rẹ̀ le, ẹ tọrọ fóòmù fílítà rẹ̀ tó dọ̀tí, kó fi sínú omi gbé e fún yín. Ó lè dín àkókò yẹn kù sí ìdajì.

Ẹni tó ń sin ẹja inú omi rírọ̀ lè kánjú kó mú un jẹ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní pH 8, oró amóníà máa ń tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó jẹ́ ní pH 7, bí iye amóníà méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba.

7. Kíkó ẹja wọlé

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí mbuna máa ń sọ pé kí ẹ kó wọn pọ̀ gan-an, ọgbọ̀n sínú irú àpótí yìí, kí akọ tó burú má bàa rí ẹnì kan ṣoṣo fojú sí. Òótọ́ ni, fún ẹni tó níná. Ọgbọ̀n ẹja máa ń lo ọ́síjìn tán kíákíá. Èmi á ní kí ẹ kó méjìdínlógún, mẹ́fà mẹ́fà nínú irú mẹ́ta tí mo dárúkọ. Torí pé oníwà tútù ni wọ́n, ìwọ̀n yẹn á tó láti pín ìjà. Kí gbogbo wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà, ní kékeré, sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun lonílé. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí ẹ bá mọ akọ, ẹ yọ àwọn tó bá pọ̀ jù kúrò: akọ kan sí abo mẹ́ta.

Bí ẹja bá ti Èkó wá nínú ọ̀rá, kò yẹ kí ẹ máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì. Amóníà ti kún inú ọ̀rá náà, gáàsì tí ẹja mí síta ló ń mú pH rẹ̀ lọ sílẹ̀ tí amóníà ò fi pa wọ́n. Bí ẹ bá ti ṣí ọ̀rá, gáàsì á jáde, pH á gòkè, amóníà á sì di májèlé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tó wà ní dídì léfòó lórí omi àpótí fún ìṣẹ́jú 20, ẹ pa iná àpótí, ẹ ṣí i, ẹ da omi àpótí díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, kí ẹ fi àwọ̀n kó ẹja sínú. Omi ọ̀rá, ẹ dà á nù.

Ẹja tó bá dé lẹ́yìn náà, inú ike ọ̀tọ̀ ni kó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó bá máa wọlé, ẹ tún òkúta tò kí àwọn onílé lè gbàgbé ààlà wọn.

8. Oúnjẹ

Ewédò tó ń yọ̀ lára òkúta ni mbuna ń ha jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní adágún Màláwì, ìfun wọn sì gùn nítorí rẹ̀. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ ló rọrùn láti rí ní Àbújá, òun náà ló sì ń pa wọ́n jù: ọ̀rá àti purotéènì inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ìfun yẹn. Ẹ wá oúnjẹ oníhóró tó ní spirulina, ohun kan bí ewédò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ lómi gbígbóná tàbí kùkúḿbà. Ẹran, rárá. Búrẹ́dì àwọn ọmọ àlejò, rárá. Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ gbààwẹ̀ fún wọn, kò ní pa wọ́n lára.

Wọ́n á máa tọrọ nígbàkigbà tí ẹ bá kọjá. Ẹ má dá wọn lóhùn.

9. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, ọyẹ́ àti ooru

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fa ìdá mẹ́ta omi jáde, kí ẹ dá omi tí ẹ ti pò padà. Ẹ fún fóòmù fílítà nínú omi tí ẹ fà jáde, ẹ má fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, torí chlorine á pa àwọn kòkòrò inú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, omi máa ń gbẹ kíákíá. Èyí tó gbẹ kò gbé iyọ̀ lọ, nítorí náà omi lásán tí kò ní chlorine ni kí ẹ fi dí i, láìsí békìnsódà. Ẹ fi dígí bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Híítà wáàtì 200 tàbí 300 á ṣiṣẹ́ tí iná bá wà. Tí kò bá sí, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí omi má lọ sísàlẹ̀ 22 °C. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Jos, ọ̀rọ̀ híítà yín kì í ṣe àwàdà, ẹ wá ohun tó máa gbé e lóru.

March àti April ló le jù ní Àbújá. Omi tó wà ní 30 °C kò lè gba ọ́síjìn tó èyí tó wà ní 25 °C, ara ẹja sì ń béèrè sí i. Ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí ojú omi, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ fi pure water dídì méjì tí ẹ ti fọ ara rẹ̀ léfòó láìjá a. Ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

10. Ikùn wíwú

Àìsàn tí wọ́n mọ ẹja Màláwì mọ́ nìyí. Ẹja á kọ oúnjẹ tàbí kó gbé e sẹ́nu kó tún pọ̀ ọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun á gùn bí òwú, á fara pamọ́, ikùn á wú. Nígbà tí ikùn bá ti wú, ó ti pẹ́ jù fún púpọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ tó bá kọ oúnjẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Metronidazole tí gbogbo kẹ́mísìtì ń tà ni oògùn rẹ̀: ẹ lọ hóró mílígíráàmù 400 kan fún lítà omi 60, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Kò sí oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

11. Bí wọ́n bá bí

Abo tó kọ oúnjẹ tí ikùn rẹ̀ kò wú, tó jẹ́ pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wú, kò ṣàìsàn. Ẹyin ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi gbé wọn láìjẹun tó jọjú. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ fi àwọ̀n rọra gbé e lálẹ́ sínú ike tó ní fílítà onífóòmù tirẹ̀, kó tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má yára jù: tí ẹ̀rù bá bà á, ó lè pọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ nínú àpótí, àwọn tó kù á jẹ wọ́n. Bó bá ti tú wọn tán, ẹ fún un lóúnjẹ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà sáàárín àwọn akọ.

Àwọn ọmọ náà á jẹ oúnjẹ tí ẹ lọ̀ kúnná láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n á pọ̀ ju àyè yín lọ. Ọlọ́jà ẹja máa ń gbà wọ́n fún pàṣípààrọ̀ oúnjẹ, bó bá dá a lójú pé irú kan ṣoṣo ni bàbá àti ìyá wọn. Àwọn tí ẹ ò bá rí ẹni gbà, ẹ má dà wọ́n sí adágún Jabi tàbí odò kankan.